Igi kò jẹ̀bi, ibi tí a gbìn ín sí ló jẹ̀bi

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni fẹ́ǹsì wa wó. Oṣù Kẹsàn-án ni, ní Ìbàdàn, òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé tírélà ló já wọ àdúgbò. Kí n tó rí fóònù mi fi tan iná, ìyá onílé ti ń pè mí láti ìsàlẹ̀: "Lọ́yà! Lọ́yà o! Sọ̀kalẹ̀ wá, nǹkan ti ṣe!"

Fẹ́ǹsì náà wó tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ọ̀dọ̀ Àlájì tó múlé tì wá ló sì wó sí. Ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ń gbé èrò ló wà lábẹ́ bíríkì. Ọmọ náà kò tíì san gbèsè ọkọ̀ yẹn tán. Ó dúró nínú òjò, ó ká ọwọ́ lérí, kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Àlájì na ọwọ́ sí igi ficus tó wà nídìí ibi tí fẹ́ǹsì wà tẹ́lẹ̀, ó kọjú sí bàbá onílé wa, ó ní: "Bàbá, mo sọ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́."

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Èmi gan-an mọ̀ pé ó sọ ọ́, nítorí èmi ni mo kọ lẹ́tà tí wọ́n fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán kí n tó máa gba yín nímọ̀ràn. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, Àlájì rí i pé ògiri ti ń sán. Ó wá sílé wa, ó ní gbòǹgbò igi yẹn ló ń ti fẹ́ǹsì. Bàbá ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Nígbà tó yá, Àlájì mú àdá, ó gé gbogbo ẹ̀ka tó yọ sí ọgbà tirẹ̀, ó sì jù wọ́n padà sọ́dọ̀ wa. Inú bí bàbá gan-an. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí i. Owó ilé mi ti pẹ́ díẹ̀ lọ́dún yẹn, mo sì ń wá ojú rere, ni mo bá kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ojú ìwé méjì ni lẹ́tà náà. Gbogbo gírámà tí mo kọ́ ní yunifásítì ni mo dà síbẹ̀. Mo ní ó ba dúkìá jẹ́, mo ní ó kọjá ààyè rẹ̀, mo fún un ní ọjọ́ méje. Ohun tí mi ò kọ síbẹ̀ ni èyí tí mo mọ̀ dájú: òfin wà lẹ́yìn Àlájì. Láti ọdún 1894 ni House of Lords ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹjọ́ Lemmon àti Webb pé tí ẹ̀ka igi aládùúgbò bá yọ sórí ilẹ̀ rẹ, o lè gé e dé ààlà láìkọ́kọ́ kọ̀wé sí i, tí o kò bá ṣáà ti wọ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni igi ló ṣì ni ẹ̀ka àti èso tí o gé o, o ò gbọdọ̀ kó o sọ́bẹ̀. Òfin tí a jogún lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ wa nípa ìyọnu láàárín aládùúgbò. Tí gbòǹgbò igi rẹ bá sì ń ba ilé ẹlòmíràn jẹ́, tí ó sì ti wá sọ fún ọ, kí lo fẹ́ wí ní kóòtù? Pé o ò gbọ́?

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì kọ lẹ́tà yẹn. Tó bá jẹ́ pé mo jókòó ti bàbá ni, tí mo sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ nípa igi," bóyá fẹ́ǹsì yẹn ì bá ṣì dúró. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ ń kà yìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ṣe àṣìṣe ni.

Igi mẹ́ta ni bàbá gbìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Wọ́n rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, kò ga ju orúnkún lọ. Ewé rẹ̀ ń dán, ó ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí. Wọ́n gbìn ín sí ẹsẹ̀ bàtà kan péré sí fẹ́ǹsì, torí wọ́n fẹ́ kí ààrin ọgbà ṣófo fún mọ́tò. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé Ficus benjamina tó wọ ilẹ̀ lè ga ju mítà 15 lọ, pé gbòǹgbò rẹ̀ kì í dúró sójú kan, pé ibi tí omi bá wà ló ń wá lọ, ì báà ṣe páìpù tó ń jò, ì báà ṣe sókáwéè.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ìbátan ọdán ni ficus. Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ọdán ni wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù tà fún bàbá onílé wa, wọ́n sì lọ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ẹ wá bi mí pé ibo ni àwọn bàbá wa ń gbin ọdán sí? Ojú ọjà. Iwájú ààfin. Gbàgede tí gbogbo ìlú ti ń ṣèpàdé. Ibi tí ilẹ̀ ti fẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní ògiri nítòsí, kí ó lè na apá àti ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú, kí gbogbo ayé wá jókòó sábẹ́ ìbòòji rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbin ọdán sí ẹ̀yìn yàrá.

Tí ó bá jẹ́ ti ààlà ilẹ̀, pèrègún ni wọ́n ń gbìn. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣèèṣì mú un. Pèrègún kì í fẹ̀ gbilẹ̀, kì í wó ògiri, ó ń pẹ́ láyé, bí o bá sì ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan gbìn, yóò hù. Títí di òní, tí ẹ bá jókòó ní kóòtù níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ tí ẹlẹ́rìí ń sọ pé ìdí pèrègún ni ilẹ̀ àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ọgbà tí ewúrẹ́ kò ní lè jẹ, làpálàpá ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní ìlà. Akòko ní tirẹ̀, ìdí oyè la ti mọ̀ ọ́n, ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí orí ẹni tó ń jọba tàbí tó ń joyè. Olúkúlùkù ló ní ipò. Ìmọ̀ tí ẹ̀yin kan fi ń gba sátífíkéètì lókè òkun lónìí, àwọn ìyá ìyá wa ti ní in, wọn ò kàn pè é ní "landscape design" ni.

Àwa wá sọ ìmọ̀ yẹn nù, a sì ń wo fọ́tò lórí Instagram. Ilé aláràbarà kan ní Dubai gbin nǹkan kan síwájú géètì, àwa náà á lọ wá a. A kì í bèèrè bí nǹkan ọ̀hún yóò ṣe rí tó bá pé ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó bá wá ṣe wá tán, a ó ní igi ni ọ̀tá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa nìyẹn. Lẹ́yìn tí bàbá yáwó tún fẹ́ǹsì kọ́, tí wọ́n sì san díẹ̀ lára owó àtúnṣe ọkọ̀ ọmọ Àlájì, wọ́n pe àwọn onígi wá pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ficus mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ kò tán síbẹ̀. Wọ́n gé hibiscus tó wà lójú fèrèsé mi. Wọ́n hú ixora ìyá onílé tó ti ń yọ òdòdó pupa láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n gé pèrègún igun ilẹ̀, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé bíríkì àkọ́kọ́ kalẹ̀. Wọ́n wá da kọnkéré sórí gbogbo rẹ̀, láti géètì dé ẹ̀yìn kíṣìnnì. Bàbá ní, "Ó parí. Kò sí igi, kò sí ẹjọ́."

Ọdún kejì, òjò tún dé. Omi tí ilẹ̀ máa ń fà mu tẹ́lẹ̀ kò rí ibi wọ̀. Ó kó ara rẹ̀ jọ lórí kọnkéré, ó wọ bọ́ìsìkọ́tà, ó sì gba abẹ́ géètì jáde sí ojú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ ibi tó kọjá sí: iwájú ilé Àlájì. Igi ti lọ, ẹjọ́ ò lọ. Tó bá wá di ọ̀sán oṣù Kejì, ooru tó ń jáde láti ara sìmẹ́ǹtì yẹn, ẹ kò lè ṣí fèrèsé. Owó epo jẹnẹrétọ̀ tí mo ń rà láti fi yí fáànù pọ̀ ju owó gádínà fún ọdún kan lọ.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí omi lè ṣe. Ẹni tí kò bá ọdún 1980 ní Ògùnpa, ó bá 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Gbogbo wa la mọ̀ pé gọ́tà tó dí àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi ló ń dá kún un. Ṣùgbọ́n ọgbà kọ̀ọ̀kan tí a fi kọnkéré bò, omi tirẹ̀ náà ń lọ bá ti ẹlòmíràn ni. Ilé kan kò jẹ́ nǹkan kan. Àdúgbò odindi ńkọ́?

Èrò mi nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kó ṣe kedere: ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ni a máa ń ṣẹ̀ sí fúláwà ilé wa, ẹ̀ṣẹ̀ yíyàn, ẹ̀ṣẹ̀ ipò, àti ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀bẹ. Tí a bá tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, kò sí ìdí láti sin ilẹ̀ sábẹ́ sìmẹ́ǹtì.

Yíyàn ló kọ́kọ́ ṣòro. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé kí ẹ tó ra fúláwà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ẹni tó ń tà á kì í ṣe "èló ni?" Ẹ bi í pé, "Tó bá dàgbà tán, báwo ló ṣe máa ga, báwo ló ṣe máa fẹ̀?" Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ya fọ́tò ewé rẹ̀, ẹ gba orúkọ rẹ̀, ẹ lọ wá a lórí Google kí ẹ tó sanwó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bàbá onílé wa kò ní Google nígbà tiwọn. Ẹ̀yin ní in.

Ìbéèrè kejì ni oòrùn. Bougainvillea, hibiscus, ixora àti croton, oòrùn ni oúnjẹ wọn. Tí ẹ bá fi croton sí ibi tó ṣókùnkùn, àwọ̀ pupa àti òféèfèé tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á yóò ṣá di ewéko lásán. Ẹni tí bálíkónì rẹ̀ kò rí oòrùn, ẹ mú ọ̀já kòríkò, èyí tí ẹ̀yin ará íntánẹ́ẹ̀tì ń pè ní snake plant, tàbí pèrègún. Bẹ́ẹ̀ ni, pèrègún tiwa náà. Ìdílé Dracaena tí wọ́n ń tà lówó gọbọi fún àwọn ọ́fíìsì ni. Ẹ kàn lè gba ẹ̀ka rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà yín ni.

Ìbéèrè kẹta ni àwọn tó ń gbé inú ilé. Ọmọdé tó ń rá, gbogbo nǹkan ló ń fi sẹ́nu. Dieffenbachia, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí funfun wà láàárín rẹ̀, oje rẹ̀ ń jóni lẹ́nu, ó sì lè mú kí ahọ́n wú. Olómi òjò tó ń yọ òdòdó yẹ́lò, májèlé ni láti ewé dé èso, ọkàn ló ń bá jà. Wọ́n rẹwà o. Àmọ́ ẹ má fi wọ́n sí ibi tí ọmọ ọlọ́dún méjì yóò ti máa ṣeré.

Ní ti ipò, mo ti dín in kù sí ìwò mẹ́ta. Ẹ wo òkè, ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì.

Ẹ wo òkè: ṣé wáyà iná kò gba ibẹ̀? Igi tí gbogbo wa ń pè ní masquerade tree nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ eégún, tínínrín ló rí lóòótọ́, àmọ́ ó ń ga ju ilé alájà kan lọ dáadáa. Ẹni tó bá gbìn ín sábẹ́ wáyà, òkùnkùn ló gbìn. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ wo ilẹ̀: níbo ni sókáwéè wà? Níbo ni páìpù omi gbà? Tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ bi onílé kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Fúláwà kékeré bí ixora àti hibiscus kò nílò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta sí ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá kí ẹni tó ń kun ilé sì rí ibi dúró. Ti ficus, tí ilẹ̀ yín kò bá gba kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé àti fẹ́ǹsì, inú ìkòkò ni kí ó ti lo ayé rẹ̀. Royal palm dúró bí ọba níwájú ilé, àmọ́ imọ̀ rẹ̀ wúwo, ó sì máa ń já fúnra rẹ̀. Ẹ má páàkì ọkọ̀ sábẹ́ ọba.

Ẹ wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: ta ló wà níbẹ̀? Bougainvillea dára púpọ̀ lórí fẹ́ǹsì, ẹ̀gún rẹ̀ sì ń lé olè. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kò kọ ọ̀gbẹlẹ̀, omi àpọ̀jù gan-an ni kì í jẹ́ kó yọ òdòdó dáadáa. Ohun tí a ń pè ní òdòdó rẹ̀ pàápàá, ewé ni. Ẹ la ojú dáadáa, ẹ ó rí òdòdó gidi, kékeré, funfun, láàárín ewé aláwọ̀ mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n tó bá ré fẹ́ǹsì kọjá, ẹ̀gún tó ń lé olè lọ́dọ̀ yín lè jẹ́ èyí tó ń ya aṣọ tí ìyàwó aládùúgbò sá.

Ó ku ti ọ̀bẹ. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ọmọ títọ́ la kàn máa ń fi í pa. Ẹ jẹ́ ká fi pa igi fún ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé ixora òun ti pé ọdún mẹ́rin, kò yọ òdòdó rí. Mo ní ta ló ń tún un ṣe. Ó ní gádínà ń wá lóṣooṣù, ó ń fi àlùmọ́gàjí ńlá rẹ́ orí rẹ̀ kó lè tẹ́jú bí tábìlì. Mo ní ẹ ti rí olè tó ń jí òdòdó yín. Orí ẹ̀ka tuntun ni ixora ti ń yọ òdòdó, hibiscus àti bougainvillea náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gé orí rẹ̀ lóṣooṣù, ọmọ inú ló ń gé. Ẹ jẹ́ kí òdòdó yọ, kí ó sì rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gé e. Tí ẹ bá fẹ́ gé e wọlé gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oṣù Kẹta sí Kẹrin, ló dára jù, torí omi wà tí yóò fi sọjí. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gé e kò le. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀ka tó ti kú, kó kan èyí tó ń ṣàìsàn, kó tó kan àwọn tó ń ha ara wọn. Ẹ gé e ní òkè oríkèé díẹ̀, níbi tí ewé ti ń yọ, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun yóò gbà jáde. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ọ̀bẹ mú, kí ó sì mọ́. Tí ẹ bá ti orí fúláwà tó ń ṣàìsàn dé, ẹ fi spírítì nù ún kí ẹ tó lọ sórí òmíràn. Ọ̀pẹ nìkan ni kò gba eré yìí: ojú kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà, ní orí. Ẹni tó bá gé orí rẹ̀, ó ti pa á. Ẹ̀ka tó bá sì ti kan wáyà iná, ẹ má gùn ún lọ. Ẹ pe àwọn oníná.

Ní Èkó, ẹ rántí pé ẹ kò gbọ́dọ̀ dédé wó igi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ tó ń rí sí ọgbà àti igi ní ìpínlẹ̀ náà. Rírẹ́ ẹ̀ka lákòókò ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. "Ejò ńkọ́?" Ejò ń wá ibi tó kún, tó ṣókùnkùn, tí eku wà. Fúláwà tí a ń rẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ilé ejò. Òkìtì bíríkì tí ẹ kó sí ẹ̀yìn ilé láti ìgbà tí ẹ ti kọ́lé tán ni kí ẹ lọ wò. "Ẹ̀fọn ńkọ́?" Omi tó dúró sínú àwo abẹ́ ìkòkò ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹ máa dà á nù.

"Èmi ò ní ilé, mo kàn ń rẹ́ǹtì ni." Èmi náà ń rẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òfin kan lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi tán gbèsè lẹ́tà burúkú tí mo kọ: ohun tí a bá gbìn mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ló ni ín. Ọ̀pọ̀tọ́ tí o gbìn sí ilẹ̀ lánlọ́ọ̀dù, tó bá di ọjọ́ tí o kó jáde, tirẹ̀ ni. Èyí tó wà nínú ìkòkò, tìrẹ ni, gbé e sórí ọkọ̀ pẹ̀lú fíríìjì rẹ. Ìkòkò mẹ́ta lórí bálíkónì kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn tó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àti ẹ́sítéètì, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìpàdé. Tí a bá lè fi òfin de àkókò tí wọ́n ń ti géètì, a lè sọ pé kí gbogbo ilé fi ìlà ilẹ̀ kan sílẹ̀ láìdà kọnkéré sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilé wa dé. Ní Iléyá tó kọjá, Àlájì fi ẹran ránṣẹ́ sí bàbá onílé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti òru ọjọ́ tí fẹ́ǹsì wó. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Lọ́yà, bá mi wá àwọn tó lè fọ́ kọnkéré ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yẹn díẹ̀."

A fọ́ ìlà kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Kí a tó gbin nǹkan kan, mo lọ kan ìlẹ̀kùn Àlájì, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì lórí lẹ́tà yẹn. Mo ní kí ó wá bá wa wò ó. Ó dé, ó mú téèpù tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn nǹkan dání, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ixora mẹ́fà ni a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Nígbà tó kù kí a yan ohun tí yóò lọ sí igun ilẹ̀, níbi tí àwọn tí wọ́n gé wà tẹ́lẹ̀, Àlájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ní pèrègún lẹ́yìn ilé òun, òun yóò ṣẹ́ ẹ̀ka mẹ́rin wá.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra fúláwà lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ rà á. Ẹ kàn kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe máa ga tó, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí owó lọ́yà, èmi lọ́yà ni mo sọ bẹ́ẹ̀.